Èédú Àyin fún Iná Tí Kì í Kan Ògiri

Alafiarou, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò kejì.

Kaoussara ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ jókòó, bó bá sì bá ọ níbi tí o jókòó sí, má dìde, nítorí pé ó gùn, ọwọ́ mi ló sì kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dínkù? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé alájà yẹn ti ń kí ọ báyìí, àbí ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wò kọjá? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lókè, tó ń ṣọ́ eku nínú ihò, máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa kò dé. Iná tí o ń bá ṣiṣẹ́, kó má mọ orúkọ rẹ. Àmín. Ìyá rẹ Safiatou ní kí n kọ àmín yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àmín.

Àwa níhìn-ín, a ń bẹ. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì ká páànù ilé ìdáná lọ sínú oko Tonton Ganiou aládùúgbò wa, àmọ́ ó ti gbé e padà wá fún wa, ó ní òun ò ra páànù. Kajú so dáadáa lọ́dún yìí, àwọn ọ̀bọ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ewúrẹ́ funfun ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò ní mu ọmú àfi tí ìyá rẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí náà láti àárọ̀ ni ẹnu kò ti ń dákẹ́ nínú ilé yìí. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ó ní orúnkún náà ló ń sọ fún òun ìgbà tí òjò máa rọ̀, kò sì tíì purọ́. Ganiou yìí kan náà tó kọ́ ọ nílé ìwé ti fẹ̀yìn tì, Faransé tó kù sí i lẹ́nu, àwọn adìyẹ ló ń sọ ọ́ fún, àwọn adìyẹ náà sì ti ń jáfáfá ju àwa lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ ni ti Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí o pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ojú rẹ pọ́n. O ní iṣẹ́ yín dàrú. O ní ọ̀pá tí o máa ń tì bọ etí iná láti fi wọ̀n ọ́n, ṣóńṣó orí rẹ̀ kán, ó jábọ́ sínú iná, iná sì kú, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi oṣù mélòó kan palẹ̀ mọ́ fún bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. O ní àwọn ọ̀gá máa jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ lórí ní òpin oṣù, bóyá kí o máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kí o máa lọ sílé. O ní ìwọ fúnra rẹ ti ń rò ó pé kí o kọ̀wé pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó rárá. Lẹ́yìn náà lo wá sọ gbólóhùn kan, o ní bóyá òótọ́ ni mo sọ nígbà tí o wà lọ́mọdé, pé ọwọ́ rẹ kò dára fún iná.

Mo fẹ́ dáhùn. Ọlọ́run gbọ́, mo ti la ẹnu. Àmọ́ bí mo ṣe wò ọ́, o ti dúró gbagidi, ẹnu rẹ là sílẹ̀, ojú kan dí, èkejì ò dí. Ìyá rẹ kí ọ, o ò dáhùn. Mo kí ọ, o ò dáhùn. A rò pé inú ló ń bí ọ sí mi, ni mo bá ń bẹ̀ ọ́, mo bẹ̀ ọ́ títí, ìyá rẹ ń ka àdúrà sórí fóònù, àfìgbà tí Ganiou kọjá lójúde tó sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó dùn mí. Ẹ̀bẹ̀ àgbà kì í pọ̀, èyí tí mo ní ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Mi ò sì lè pè ọ́ padà, torí owó tí o fi sínú fóònù lóṣù tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ìpè gbé e dà nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà. Ìwé kíkọ tí wọ́n kọ́ àwa àgbà lábẹ́ igi máńgòrò ní Sanson, tí ìyá rẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni mo fẹ́ kọ̀wé sí, ọjọ́ rẹ̀ ló pé yìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yé mi, torí ó pọ̀. Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, èyí tí o pè ní etí iná, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi ní Tchaourou, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ló bá ta sókè, ló bá jábọ́, ó tún ń lọ jẹ́jẹ́, ó tún ta. Mi ò rí iná kankan níbẹ̀. Àwọn àlejò ń wò ó, ẹnì kan ní òkè Ìdáàṣà ni, ẹlòmíràn ní mo gbé e dorí kodò. Ìyá rẹ ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé báyìí gan-an ni bébà tí wọ́n fún Ganiou nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn láyà. Ló bá yọ ọ́ lára ògiri, ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo ìyá rẹ, ó ní ẹni tó bá ni ọkàn yìí, kó má gbé ẹrù mọ́, kí wọ́n gbé e wá lónìí kó má di ọ̀la. Àmọ̀kẹ́, ìyá rẹ sunkún láti ibẹ̀ dé ilé. Ó ní ọkàn ọmọ òun ló ń ta báyìí nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n wá ń pè é ní iná fún òun kí òun má baà bẹ̀rù. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun dáadáa. Jọ̀wọ́, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ fún un pé ọkàn rẹ kọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ ọkàn rẹ ni, èmi ni kí o kọ ọ́ sí.

Mo lọ bá Ganiou pé kó là mí lọ́yẹ. Ó gbé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ síta, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní kí n wò ó, pé inú irú nǹkan róbótó báyìí ni iná yín ń sáré yípo sí, pé ó gbóná ju oòrùn lọ, kò sì gbọdọ̀ fara kan ògiri, torí bó bá kàn án, ògiri á jó, iná fúnra rẹ̀ á sì kú. Mo bi í pé ta ló wá gbé iná náà dání. Ó ní òòfà ni. Mo bi í pé ṣé òòfà tí àwọn ọmọdé ń yọ nínú rédíò tó bàjẹ́. Ó ní òun náà ni, àmọ́ èyí tó tóbi bí ilé. Mo wá délé, mo tú rédíò mi àtijọ́, mo yọ òòfà rẹ̀, mo gbé e sún mọ́ iná ìdáná ìyá rẹ, irun ọwọ́ mi jó tán, iná ò tiẹ̀ yà fún un. Mo padà lọ sọ fún Ganiou, ó ní ti igi kọ́ ni iná yín. Mo ní ti kí ni? Ó ní iná tí wọ́n fẹ́ kó máa fún gbogbo ayé ní iná mànàmáná lọ́jọ́ iwájú ni. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti fi se nǹkan rí. Ó ní rárá, wọ́n á tàn án, á jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ tó ń gbọ́ wa ní òun bí ọmọ, òun rán an nílé ìwé, ó kàwé títí ó fi la òkun kọjá, ó wá ń dá iná tí kò lè se ẹ̀wà. Mo ní màá bi ọ́ ní èsì rẹ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, fi ránṣẹ́.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni ti etí. Mo bi Ganiou pé ibo gan-an ni wọ́n fi ọmọ mi sí nídìí iná yẹn, ó ní etí. Ọdún mẹ́rin, etí! Mo ní àwọn wo ló wà láàárín? Ó ní àwọn mìíràn ló ń wo àárín. Níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun, ta ni wọ́n máa ń fi sétí? Àlejò tí wọn ò mọ̀ ni, tàbí ọmọ tí wọn ò fẹ́. Mo ní bóyá torí pé o wá láti Alafiarou ni, bóyá o ò kí wọn dáadáa nígbà tí o dé. Mo mú àkùkọ pupa, mo so ó lẹ́sẹ̀, pé Farid tó ń wakọ̀ kó iṣu lọ Kútọnu á bá mi fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ, pé kó jọ̀ọ́, ọmọ mi ti dúró létí tó, kó jẹ́ kó wọ àárín díẹ̀.

Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ dé ìdí òkìtì èédú mi. Ọjọ́ kẹta tí mo ti bò ó nìyẹn. O rántí bí a ṣe ń ṣe é: a ó to igi àyin jọ, a ó fi koríko tútù bò ó, a ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, iná á wà nínú, kò ní jó, kò ní kú. Mò ń yí i po, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara rẹ̀, mò ń wo èéfín bóyá ó ṣì funfun tàbí ó ti ń jọ omi aró. Mo ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ létí, mo yọ ọ́ kíá kí irin má baà rọ̀, mo gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n mọ bó ṣe gbóná tó, mo fi amọ̀ dí ihò. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ọwọ́ mi dúró. Mo wo ọ̀pá. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Etí ni mo wà. Ogójì ọdún tí mo ti ń sun èédú, mi ò dé àárín rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀. Iná àárín mọ iṣẹ́ rẹ̀, etí ni iná ti ń sá jáde, etí ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ẹni tí kò bá mọ etí, eérú ló máa kó. Mo jókòó sórí kùkùté, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ mi kúrò nídìí èédú, ó la òkun kọjá, ó lọ bá òkìtì tó tóbi ju tèmi lọ, òun náà ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ létí, ó ń yọ ọ́ kíá. Mo délé, mo tú àkùkọ sílẹ̀. Kò dúpẹ́.

Síbẹ̀ kò tíì yé mi tán, má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ. Èéfín wo lẹ̀yin ń wò? Amọ̀ wo lẹ fi ń rẹ́ ara òòfà? Bí iná bá ta jáde létí bí ìlà inú bébà yẹn ṣe ń ta, ta ló ń sáré lọ dí i? Ganiou ní kí n fi òun sílẹ̀, pé orí ń fọ́ òun.

Nítorí náà, inú àpò tó bá ìwé yìí rìn, èédú àyin ló wà níbẹ̀. O ní èédú ni wọ́n fi ṣe ṣóńṣó ọ̀pá tó kán. Mo bi Ganiou, ó ní òótọ́ ni, irú èédú kan ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe wọn. Èédú ilé iṣẹ́! Igi wo ni? Ta ló sun ún? Ọjọ́ mélòó ló lò lábẹ́ amọ̀? Wọ́n á kàn rà á bẹ́ẹ̀ torí ó dúdú. Àyin ni gbogbo èyí tí mo dì fún ọ, kò sí ẹyọ igi kajú kan níbẹ̀, bí o bá gbá méjì pọ̀ wọ́n á dún bí abọ́ tánganran. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé àwọn gígùn ni kó fi sórí ọ̀pá, kó fi àwọn wẹ́wẹ́ yáná nílé, kó má jẹ́ kí omi kàn án. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti bó ṣe máa dé, Farid ní èèyàn ìyàwó òun kan wà nídìí ọkọ̀ òfúrufú ní Kútọnu, omi tútù ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó sì mọ gbogbo wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, bí mo bá ní kí n máa yí i po bí òkìtì, bébà á tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo fi ọ́ sídìí òkìtì, mo lọ kírun, mo ní kí o máa ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ níwájú, kí o yọ ọ́ kíá, kí o sì fi amọ̀ dí ihò. Ìgbà tí mo máa dé, òkìtì ti là, iná ti jáde, iṣẹ́ ọjọ́ méje ti di eérú. Mo pariwo lé ọ lórí lójú gbogbo èèyàn, mo ní o gbàgbé láti dí ihò, mo ní ọwọ́ rẹ kò dára fún iná, kí n má rí ọ níbẹ̀ mọ́. O sunkún pé o dí i. Mo ní irọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn lo ti gbájú mọ́ ìwé, o ò sì dé ìdí èédú mọ́ títí o fi lọ.

Àmọ̀kẹ́, o dí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo lọ kó eérú, mo rí ibi tí iná ti jáde. Ẹ̀yìn ni, kì í ṣe iwájú. Èmi ni mo ti ọ̀pá bọ ẹ̀yìn kí n tó lọ kírun, mò ń kánjú, koríko gbígbẹ ni mo fi bo ojú ihò, mi ò fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ihò tìrẹ níwájú wà ní dídí gírígírí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Mi ò sọ ọ́ torí ojú tì mí, torí gbogbo èèyàn ti gbọ́ ariwo mi, mo sì rò pé ọmọdé á gbàgbé. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi tí mo jù ú sílẹ̀ ni mo gbàgbé rẹ̀, ìwọ tó bà lo gbé e dé ìlú òyìnbó. Dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ ti Jímọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ, òun nìyí.

Má kọ ìwé pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí ìwọ náà jókòó síbẹ̀, kí o gbé orí sókè. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ tó ti lo ọ̀pá mọ́kànlá ní ọ̀pá tí orí rẹ̀ kò bá jó rí, kò dé ibi iná rí ni. Bí wọn ò bá mọ ìyẹn, iná wo ni wọ́n ń wọ̀n?

Ní ti owó, bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún orúnkún ìyá rẹ àti fún ìṣó tí a ó fi kan páànù ìdáná. Àmọ́ má fi sínú fóònù mọ́, fóònù náà kéré, èyí tó gbé sínú ti tó o. Bí wọ́n bá sì wá ní kí o máa lọ sílé, má fi nǹkan kan ránṣẹ́, máa bọ̀, iṣu wà, ìdí òkìtì wà, etí rẹ̀ gba èèyàn méjì.

Kí Ọlọ́run sọ ọwọ́ rẹ di ọwọ́ tí iná ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ibi tí o bá dí, kó má là. Etí tí wọ́n fi ọ́ sí, kó jẹ́ ibẹ̀ ni ire máa ti bá ọ. Bí o ṣe ń ti ọ̀pá wọlé tó ń jáde láìjó ọ, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wọ ayé kí o máa jáde ní àlàáfíà. Àmín. Ti ìyá rẹ nìyí: àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Imorou asunèédú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ní ìsàlẹ̀ àpò, lábẹ́ gbogbo èédú, nǹkan kan wà tí mo fi àkísà dì. Ìyẹn kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ. Amọ̀ ojú ihò tìrẹ ni, mo yọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kó eérú, orí àjà ló ti wà láti ìgbà yẹn, ìyá rẹ pàápàá ò mọ̀. Iná ti sun ún, ó le bí ìkòkò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ wà lára rẹ̀, ìka márààrún, níbi tí o ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí iná má baà jáde. Gbé ọwọ́ lé e wò. Á ti kéré fún ọ báyìí.